Ohun Èlò Tó Ń Fèsì

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lórí fóònù kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi. Mo ń ròyìn fún wọn pé mo fẹ́ lọ gbọ́ orin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní London níbí. Orin tuntun ni, inú ọdún yìí ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n viol ni wọ́n máa fi ṣe é, ìyẹn ohun èlò olókùn tó gbòde láàfin Ọba Henry Kẹjọ ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Ọ̀gá akọrin ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ábẹ́òkúta, wọn kì í sáré sọ̀rọ̀ lórí orin. Nígbà tí wọ́n máa fèsì, wọ́n ní, "Àbúrò mi, lẹ́tà sí òkú nìyẹn."

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní báwo ló ṣe wá rí? Mo wá ọ̀rọ̀ tì. A sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá wa, a sọ̀rọ̀ nípa owó ilé ìwé àwọn ọmọ wọn, a dágbére. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wà nínú ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ni. Bí mo bá ń fọ abọ́ lálẹ́, òun náà ni.

Nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Kí ni ẹni tó wà láyé lónìí, tó ní cello, tó ní dùùrù, tí kọ̀ǹpútà tó lè mú ohùn èyíkéyìí jáde wà lórí tábìlì rẹ̀, ń wá dé ọ̀dọ̀ ohun èlò tí àwọn tó ni ín fúnra wọn ti pa tì? Bó bá jẹ́ pé orin àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ó yé mi. Orin àtijọ́, ohun èlò àtijọ́, kò sí ìjà níbẹ̀. Tuntun ńkọ́?

Ẹ̀wọ̀n tó já

Mo mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń bọ̀. Nílé wa, ohun èlò àtijọ́ kì í ṣe ohun èlò òkú. Dùndún ti pẹ́ láyé, síbẹ̀ kò sùn lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ọmọ Àyàn ti ń gbọ́ ọ kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Wọ́n á fi ìlù kékeré lé e lọ́wọ́, á máa tẹ̀ lé wọn lọ òde, títí á fi dàgbà dé ìdí ìyáàlù. Nígbà tí Akin Euba, ọmọ Yorùbá tó ń kọ orin sílẹ̀, kó ìlù Yorùbá pọ̀ mọ́ ohun èlò àwọn òyìnbó nínú Chaka, eré olórin rẹ̀, ní 1970, kò ní láti lọ gbé dùndún jáde láti mùsíọ́mù. Ìgboro ló wà, ó ń ki àwọn èèyàn níbi ìyàwó.

Ti viol kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí gbọ̀ngàn orin ń tóbi sí i, violin àti cello tó lè dún kíkan ló gba ipò rẹ̀. Carl Friedrich Abel, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ọ̀gá ńlá tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń lò ó, kú sí London ní 1787. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku ara ògiri, ó ku inú àpótí gíláàsì. Ohun kan náà ló ṣe fèrè rẹ́kọ́dà, èyí tí fèrè tí wọ́n ń dábùú sẹ́nu fun lé kúrò lójú agbo.

Ìtàn kan wà nípa rẹ́kọ́dà tí mi ò lè ṣe kí n má sọ. Arnold Dolmetsch, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó wá ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn ṣe àwọn ohun èlò wọ̀nyí. Ní 1905 ó ra ojúlówó rẹ́kọ́dà kan tí ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Bressan ṣe ní bí 200 ọdún ṣáájú. Ní 1919, ìdílé náà ń ti ibi iré kan bọ̀, àpò tí fèrè náà wà nínú rẹ̀ sì ṣẹ́ kù sí ibùdókọ̀ ojú irin Waterloo. Ọwọ́ Carl, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méje, ló ti bọ́. Wọ́n wá a títí. Dolmetsch ti wọn fèrè náà tẹ́lẹ̀, ó ní ìwọ̀n rẹ̀ nínú ìwé, ló bá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ òmíràn. Láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Haslemere ni fèrè náà ti tún padà sí ọwọ́ àwọn èèyàn, títí tí wọ́n fi ń fi ike ṣe é fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Irú fèrè oníke bẹ́ẹ̀ ni mo fun ní ìwé kẹrin nílé, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa ibi tó ti wá.

Carl tó gbàgbé àpò yẹn dàgbà, ó di afunfèrè tó lórúkọ. Kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn láti máa fun orin àwọn tó ti kú nìkan. Ó ń tọ àwọn kọ̀ǹpósà ìgbà tirẹ̀ lọ pé kí wọ́n kọ nǹkan fún òun. Ní 1939, Lennox Berkeley kọ Sonatina kan fún un. Ẹ̀wọ̀n já lóòótọ́, wọ́n sì so ó. Ṣùgbọ́n okùn tí a so kì í ṣàìní kókó, kókó yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kàn.

Lọ́sàn-án Sátidé

Àwọn olórin náà gbà kí ẹni tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wá wo ìdánrawò wọn lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n máa ṣeré. Àwa mọ́kànlá péré la wá. Òtútù mú nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, kò sẹ́ni tó bọ́ kóòtù. Mo jókòó sí ìjókòó kejì láti iwájú, níbi tí mo ti lè rí ọwọ́ wọn dáadáa.

Olórin márùn-ún ni wọ́n. Gbogbo wọn fi viol há àárín orúnkún, títí kan èyí tó kéré jù, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju violin lọ. Okùn mẹ́fà ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìfun àgùntàn ni wọ́n fi lọ́ ọ. Ọrùn rẹ̀ ní ìlà bíi ti gìtá, ṣùgbọ́n kì í ṣe irin ni wọ́n kàn mọ́ ọn. Okùn ìfun ni wọ́n so yí ọrùn náà ká lọ́nà méje, tí wọ́n ta kókó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó so ẹnu àpò gààrí. Bí okùn bá sún, ohùn sún. Màmá kan tí gbogbo irun wọn ti funfun ló ń lo èyí tó tóbi jù. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò ti okùn kẹta díẹ̀, wọ́n fetí sí i, wọ́n tì í padà ní ìdajì ibi tí wọ́n tì í dé. Mi ò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni fi àtàǹpàkò tún ohùn ṣe bẹ́ẹ̀ rí, àfi àwọn onílù wa tí wọ́n máa ń fa ọsán ìlù kí wọ́n tó jáde.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó kọ orin náà jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹpẹ, ìwé orin wà lórí itan rẹ̀, pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní nǹkan bí ìdajì orin náà, ibì kan wà tí àwọn mẹ́rin yòókù ní láti dákẹ́, kí viol ńlá nìkan mú ohùn kan. Ó fẹ́ kí ohùn náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára, bí ìgbà tí èèyàn gbá ilẹ̀kùn, kó sì máa lé sí i títí á fi kún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá ṣe é. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Nígbà tó sì ń lé, ó ń ha, bí ẹni tó ń pariwo lẹ́yìn tí ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ. Ọmọ náà ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Ó ní bóyá bí wọ́n bá tẹ ọrun, igi onírun ẹṣin tí wọ́n fi ń ha okùn, mọ́ ọn sí i. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Ohun a bá fagbára mú ní í le koko.

Màmá gbé ọrun kúrò lára okùn. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí n fi ohun tó ń fẹ́ hàn ọ́." Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn dáadáa. Wọn ò sọ pé ohun tí àwọn ń fẹ́. Viol ni wọ́n ń sọ pé ó ń fẹ́ nǹkan.

Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè kí ọmọ náà lè rí i. Ẹni tó ń lo violin máa ń di ọrun mú láti òkè, àtẹ́lẹwọ́ dojú kọlẹ̀. Ti viol, àtẹ́lẹwọ́ ló ń wòkè, bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan. Nítorí náà, níbi tí violin ti ń fà lágbára, títì ni agbára viol wà. Ọmọ náà, tó jẹ́ pé violin ló kọ́ ní kékeré, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n fà á. Màmá tún fi ìka àárín wọn hàn án: ìka náà wà lórí irun ẹṣin tó wà lára ọrun, ó ń tì í kó le, ó ń dẹ̀ ẹ́ kó rọ̀, nígbà tí ọrun ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Wọ́n wá ti ọrun. Ohùn náà jáde kedere, ó ní ẹnu, bí ẹni tó pe "tá". Lẹ́yìn ìyẹn, dípò kí wọ́n máa fi agbára kún un, wọ́n gbé ọrun kúrò pátápátá. Ohùn náà ò kú. Àwọn okùn márùn-ún yòókù tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn gbà á, igi gbà á, òkúta ṣọ́ọ̀ṣì gbà á. Kò lé sí i o. Ó gbòòrò ni. Ó gbòòrò títí mo fi ń gbọ́ ọ lẹ́yìn orí mi, ó sì tinrín lọ díẹ̀díẹ̀ débi pé mi ò mọ ìgbà tó parí.

Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan. Ó yí pẹ́ńsù rẹ̀ padà, ó fi rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ pa ohun tó wà nínú ìwé rẹ́, ó fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, òun fẹ́ ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó máa fi dún kó tó lọ. Ó jẹ́ mẹ́jọ. Mo rí i tó kọ 8 sí etí ìwé, tó fa ìlà yí i ká. Lálẹ́ ọjọ́ náà, níbi tó ti fẹ́ ariwo tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ yẹn ló wà níbẹ̀, àwọn mẹ́rin tó kù sì ń dúró kó lọ tán kí wọ́n tó wọlé.

Òkú kì í fèsì lẹ́tà. Viol yẹn fèsì. Ó kọ́kọ́ ní rárá, ó sì wá sọ ohun tó lè ṣe dípò rẹ̀. Mi ò lè pe ohun tó ń báni jiyàn ní òkú.

Ẹnu tó ń gbà sọ̀rọ̀

Bí mo ṣe ń rò ó lọ, mo rí i pé kì í ṣe igi àti ìfun nìkan ló sọ pé rárá. Màmá yẹn ni ẹnu rẹ̀. Nígbà tí Euba kọ nǹkan fún dùndún, onílù wà tó lè wò ó lójú kó sọ pé ìlù kì í sọ̀rọ̀ báyìí. Viol ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Àfi kí àwọn kan fi ayé wọn jìn ín, kí wọ́n máa bi í léèrè títí wọ́n á fi mọ ohun tó fẹ́ àti ohun tí kò fẹ́. Kò sì dá mi lójú pé orin àtijọ́ nìkan lè kọ́ wọn tán. Orin àtijọ́ kò béèrè ohun tí viol kò lè ṣe, nítorí àwọn tó kọ ọ́ ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tó béèrè ìbéèrè tí kò tọ́, òun ló ń jẹ́ kí a gbọ́ rárá.

Silvestro Ganassi, afunfèrè ará Venice, tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ́kọ́dà ní 1535. Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé gbogbo ohun èlò orin gbọ́dọ̀ máa wo ohùn ènìyàn kọ́ṣe. Ẹni tó bá dàgbà lẹ́bàá ìyáàlù kò ní bèèrè ìtumọ̀ ìyẹn.

Rẹ́kọ́dà yìí náà ní àléébù kan tí gbogbo ẹni tó fun ún rí nílé ìwé mọ̀. Bí o bá fẹ́ ẹ kíkan, ohùn á gòkè kọjá ibi tó yẹ. Bí o bá fẹ́ ẹ jẹ́ẹ́jẹ́, á jábọ́. Ihò tóóró tí wọ́n gbẹ́ sẹ́nu rẹ̀ ló ń darí afẹ́fẹ́ lọ bá etí igi mímú tó ń là á sí méjì. Ètè rẹ kò ní ipa kankan níbẹ̀, èémí nìkan lo ní. Àléébù yìí wà lára ohun tí wọ́n fi pa á tì. Nígbà tó di ọdún 1960 sókè, Frans Brüggen, ọ̀gá afunfèrè ará Netherlands, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn kọ̀ǹpósà láàyè lórí rẹ̀. Luciano Berio, ará Ítálì, kọ Gesti fún un ní 1966. Ní ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, ó ya iṣẹ́ ẹnu kúrò lára iṣẹ́ ìka: ẹnu ń le, ó ń dẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà tirẹ̀, ìka ń lọ lọ́nà tirẹ̀. Ohun tó máa jáde níbi tí wọ́n bá ti pàdé, afunfèrè fúnra rẹ̀ kò lè sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń dún bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tí kò sì rí i. Lẹ́yìn Sátidé yẹn mo tún un gbọ́, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó dún. Àléébù ni wọ́n gbé síwájú, tí wọ́n ní kó sọ tẹnu rẹ̀.

Ní àkókò kan náà, Mauricio Kagel, ọmọ Argentina tó ń gbé ní Jámánì, kọ orin fún olórin 23 lórí ohun èlò ìgbà Renaissance (nǹkan bí ọdún 1400 sí 1600) nìkan. Iṣẹ́ ńlá ni. Mo bọ̀wọ̀ fún un ju bí mo ṣe lè jókòó gbọ́ ọ tán lọ.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti George Benjamin. Ní 1990 ó kọ Upon Silence fún obìnrin olóhùn kan àti viol márùn-ún, fún Fretwork, ẹgbẹ́ olórin viol kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ewì Yeats, akéwì ará Ireland, ló lò, ewì tó sọ nípa èèyàn mẹ́ta: Késárì nínú àgọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀, ọmọbìnrin kan tó rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun, tó ń fi ẹsẹ̀ kọ́ ijó, Michelangelo lókè àjà, tó ń kun àwòrán. Ewì náà ní ọkàn wọn ń rìn lórí ìdákẹ́jẹ́ bí kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń rìn lórí omi láì rì. Ẹ wo ohun tó nílò fún ìyẹn: ohùn tí kò wúwo, tó ń fọwọ́ kan etí tó sì ń lọ. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé viol kúrò nínú gbọ̀ngàn ńlá, pé kò dún tó, òun náà ni Benjamin wá gbà. Ó tún ṣe irú rẹ̀ kan fún ohun èlò olókùn òde òní lẹ́yìn náà. Ó dára, ṣùgbọ́n ní ti viol, mo máa ń rí omi náà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1680

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòde òní. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1680, Henry Purcell, tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lé ọ̀kan lọ, jókòó ní London, ó ń kọ fantazia, ìyẹn orin ohun èlò tí kò ní ọ̀rọ̀, fún viol lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ déètì sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà yẹn, viol ti ń di ohun àná. Ọba Charles Kejì kò fẹ́ràn irú orin bẹ́ẹ̀ rárá. Violin bíi ti àwọn ará Faransé, orin tí ẹsẹ̀ lè jó sí, ló ń wù ú. Ta ni Purcell ń kọ ọ́ fún nígbà náà? Kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí ó fi kú ní 1695. 1927 ni wọ́n tó tẹ àwọn fantazia náà jáde.

Nínú wọn, ó kọ In Nomine méjì. Orin ìsìn kan tí John Taverner ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni orúkọ yẹn ti wá. Àwọn olórin Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlà ohùn kan nínú rẹ̀, olúkúlùkù ń kọ tirẹ̀ lé e lórí láti ìran dé ìran, títí ó fi lé ní 150. Lẹ́yìn Purcell, ó dákẹ́. Gavin Bryars wà lára àwọn tó tún gbé e lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún: ní 1995, nígbà tí ikú Purcell pé 300 ọdún, ó kọ tirẹ̀ fún Fretwork. Mo fi àwọn méjèèjì sórí fóònù mi, tẹ̀ lé ara wọn. Bí ti Purcell bá parí tí ti Bryars bẹ̀rẹ̀, kò dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fún òkú. Ó dún bí ẹni tó wọlé bá àwọn tó ń jíròrò, tó fìdí lélẹ̀ kó tó dá sí i.

Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ màmá yẹn lọ́jọ́ ìdánrawò, mo fi fóònù gba ohùn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ náà sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí WhatsApp, mi ò kọ nǹkan kan sí i. Ọjọ́ méjì kọjá, wọn ò fèsì. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ohùn wọn wọlé. Mo ń gbọ́ àwọn akọrin lẹ́yìn wọn tí wọ́n ń tún àga tò.

"Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin," wọ́n ní. "Bá mi bi màmá yẹn: okùn tí wọ́n so mọ́ ọrùn rẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń tú u so lọ́dún? Ta ló sì kọ́ wọn?"

Wọ́n tún máa ṣeré lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì.